Bọ́ọ̀sì Gbọọrọ Tí A Kọ̀ ní Òkè Ẹ̀fọ̀n

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, kò tíì sí nǹkan tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Oǹdó ni gbogbo wa. Àkúrẹ́ ni àṣẹ ti ń wá, Àkúrẹ́ ni owó oṣù ti ń wá nígbà tó bá wù ú láti wá, Àkúrẹ́ náà sì ni irọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti gbéra. Mo jẹ́ tíṣà ní Ìjerò nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní agbègbè wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kí n wá kọ ìtàn ìjà Gbọọrọ sílẹ̀, mo ti gbọ́ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń sọ ọ́ níbi ìpàdé yín. Ẹ̀rín lẹ fi ń sọ ọ́. Ẹ ní àwọn ìyá yín di iṣu ru bọ́ọ̀sì títí ọlọ́lá kan fi kó agbádá rẹ̀ sápá, tó sá lọ. Òótọ́ ni, ó sá lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn tí ẹ ń sọ yẹn, mi ò gbọ́ orúkọ Ràímì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n máa lọ sílé mi. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó láti kọ èyí nìyẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àwa la sọ bọ́ọ̀sì náà ní Gbọọrọ, torí pé ó gùn. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan tí ìjọba lọ́wọ́ sí ló kó wọn wá. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, ó ti kógbá sílé tipẹ́, àwọn tó sì jẹ ẹ́ run ti di ẹni iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Kí Gbọọrọ tó dé, bọ́lẹ̀kájà onípákó àti lọ́rì akẹ́rù la fi ń lọ láti Ìjerò sí Aràmọkọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ òkè lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìdí á máa ro wá, eruku á kún imú wa. Gbọọrọ wá dé pẹ̀lú àga onítìmùtìmù àti fèrèsé onígíláàsì. A jó pàdé rẹ̀, kí n má purọ́. Gbogbo wa la jó.

Àbúrò mi Ràímì wà lára àwọn dírẹ́bà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà láti wà á. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá rẹ̀ ni ìyàwó kékeré bàbá wa, èmi ni mo sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Jẹ́jẹ́ ló ń wa ọkọ̀, àwọn èrò a tilẹ̀ máa bú u. Wọ́n á ní, "Ràímì, ṣé o ń tọ́ ọkọ̀ yìí bí ọmọ ọwọ́ ni? Tẹ iná, jàre!" Á kàn rẹ́rìn-ín ni. Á ní ẹni tó bá ń kánjú kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa sáré lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó yà sílé mi lẹ́yìn ìrun. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án.

"Àǹtí mi, ọkọ̀ yìí ń dẹ́rù bà mí."

"Ọkọ̀ wo? Gbọọrọ náà?"

"Òun ni. Tí ẹrù bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n, bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo máa tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi á kàn máa lọ sílẹ̀ ni bí ẹni tẹ ẹ̀kọ. Kì í ṣe èmi nìkan o. Gbogbo àwa dírẹ́bà la ti lọ sọ fún mánéjà."

"Kí ni mánéjà wí?"

"Ó ní lọ́rì ló mọ́ wa lára. Ó ní a ò mọ ọkọ̀ òyìnbó wà."

Mo ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó bi mí pé ta ni yóò wá bá òun bọ́ Àfúsá àti Síkírá, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn tí kò tíì rìn nígbà náà. Ó mu omi, ó dìde, ó lọ.

Ọjọ́ ọjà ni Gbọọrọ rẹ̀ já ní òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹrù kún orí ọkọ̀, èrò kún inú rẹ̀, àwọn ará ìlú Ara wà níbẹ̀, àwọn ará Ìjurìn wà níbẹ̀. Obìnrin ará Ara kan tí Ọlọ́run yọ sọ fún mi pé Ràímì ń pariwo pé "Ẹ di nǹkan mú! Ẹ di nǹkan mú o!", pé ó ń tẹ bíréèkì náà ní àtẹ̀túntẹ̀ títí wọ́n fi bọ́ sínú ọ̀gbun. Wọ́n fa òkú rẹ̀ yọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ìtọ́kọ̀. A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára, a sin ín.

Erùpẹ̀ tí a bù bò ó kò tíì gbẹ tí rédíò fi sọ̀rọ̀. Rédíò ní iléeṣẹ́ náà ti ṣe ìwádìí kíákíá, wọ́n sì ti rí i pé dírẹ́bà náà ti mutí yó, pé eré àsápajúdé ló ń sá. Wọ́n bá àwọn ẹbí òkú kẹ́dùn. Ìyẹn ni pé wọ́n bá gbogbo èèyàn kẹ́dùn àyàfi àwa.

Ràímì! Ràímì tí kì í jókòó síbi tí wọ́n ti ń dá ẹmu! Mo gbé rédíò náà, mo sọ ọ́ mọ́ ògiri. Àfúsá kò tilẹ̀ sunkún. Ó kàn ń bi mí pé, "Àǹtí, ta ni wọ́n bi? Ta ni wọ́n wá bi léèrè nínú wa?" Láti ọjọ́ náà, tó bá lọ pọnmi, àwọn obìnrin kan á dákẹ́ tó bá dé ibẹ̀. Ọkọ wọn tàbí ọmọ wọn ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò lè bínú sí wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Gbọọrọ mìíràn tún já ní òkè kan náà. Igi ńlá kan ló dá a dúró, kò pa ẹnikẹ́ni. Dírẹ́bà tìyẹn kò kú, ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé bíréèkì ló kọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sáré kó gbogbo Gbọọrọ wọ ọgbà wọn ní Àkúrẹ́. Wọn ò wí nǹkan kan. A padà sínú bọ́lẹ̀kájà wa.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé dáadáa, rédíò tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Gbọọrọ ń padà bọ̀. Wọ́n ti kùn wọ́n ní funfun, wọ́n ti fún wọn ní orúkọ tuntun, Ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ gbọ́ mi? Wọ́n kó àwọn pásítọ̀ àti àwọn àlùfáà jọ, wọ́n gbàdúrà sí wọn lára, wọ́n sì ní ọ̀fẹ́ ni a ó kọ́kọ́ máa wọ̀ wọ́n. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni kì í fẹ́ ọ̀fẹ́?

Mo pe ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Ìjerò. Mo ní kí á má wọ̀ ọ́, kí á sì ní kí àwọn òbí ọmọ iléèwé má wọ̀ ọ́. Tíṣà Òjó, alága wa, ọkùnrin tó máa ń gé ọ̀rọ̀ ní kúkúrú, gbójú sókè wò mí.

"Tíṣà, ṣé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lo ń bá wa sọ ni, àbí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ?"

"Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni. Ṣé ìwọ kò ní àbúrò tó ń wọ mọ́tò ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, mo bojú wẹ̀yìn, kò tún rẹ́rìn-ín mọ́. Òjó ní kí á má tíì bẹ̀rẹ̀ ìjà, ó ní kí á kọ́kọ́ lọ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbà fún un. Àṣìṣe kọ́, torí pé ìbéèrè yẹn ló tú wọn fó.

Èmi àti Òjó la lọ sí Àkúrẹ́. Mánéjà náà gbà wá dáadáa, ó ní kí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ.

"Màdáàmù, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe."

"Ẹ ṣeun o. Kí lẹ tún ṣe?"

"Bíréèkì. A pààrọ̀ gbogbo bíréèkì wọn pátá. Tuntun ni."

"Kí ló ṣe ti àkọ́kọ́?"

Ó wò mí, ó wo Òjó. "Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìwádìí ti fi hàn pé dírẹ́bà ló fa ìjàǹbá yẹn."

"Ẹ forí jì mí, ọ̀gá. Ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́, ó máa ń pẹ́ kí nǹkan tó yé èmi náà. Bí bíréèkì kò bá ṣe nǹkan kan, kí lẹ wá pààrọ̀ rẹ̀ fún?"

"Fún ìfọ̀kànbalẹ̀ aráàlú ni."

"Ìyẹn ni pé dírẹ́bà ló mutí, bíréèkì lẹ wá lọ pààrọ̀."

Òjó, tí kì í rẹ́rìn-ín, bú sẹ́rìn-ín. Ojú mánéjà yí padà. Ó ní òun ti mọ irú èèyàn tí a jẹ́, ó ní àwọn tó fẹ́ gba ìjọba la wá ṣiṣẹ́ fún. Mo sọ fún un pé ohun kan ṣoṣo la wá gbà: kó lọ sórí rédíò tó fi ba orúkọ Ràímì jẹ́, kó sọ pé ọkọ̀ òun ló bàjẹ́, kó sì sọ bó ṣe bàjẹ́ àti ohun tó ṣe sí i. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọ Gbọọrọ.

"Ẹ jáde ní ọ́fíìsì mi!"

A jáde. A ò fẹnu kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà bọ̀, Òjó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni." Láti ọjọ́ náà, kò tún yẹ̀ lẹ́yìn mi mọ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mánéjà yẹn la gbé kiri, láti Ìjerò dé Ìjurìn, láti Aràmọkọ dé Erijiyàn. A ò ṣe àlàyé rẹpẹtẹ. A kàn ń sọ pé, "Wọ́n ní dírẹ́bà mutí, wọ́n wá pààrọ̀ bíréèkì." Àwọn àgbẹ̀ á mi orí, àwọn obìnrin á ṣe háà. Ní Ìjurìn, bàbá kan tó ń gbin kòkó, Bàbá Láísì, gbé ọ̀rọ̀ náà lérí ju èmi alára lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú nínú Gbọọrọ ti Ràímì. Ó máa ń dúró ní ojú títì láàárọ̀, tó bá rí ẹni tó fẹ́ wọ Gbọọrọ funfun, á ní, "Ṣé o ti dágbére fún àwọn ará ulé rẹ?" Ẹni náà á padà sílé.

Gbọọrọ ń lọ lófìfo, ó ń bọ̀ lófìfo. Inú wa ń dùn, ara wa sì ń jìyà. Àwọn bọ́lẹ̀kájà kò tó. Mo rí olóyún tó dúró láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí ní Aràmọkọ, tí Gbọọrọ ń kọjá lọ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àga òfìfo. Obìnrin kan gbá mi láyà mú nínú ọjà. Ó ní, "Ẹni tó kú ti kú! Ṣé àwa tó wà láàyè ni kẹ́ ẹ máa wá fìyà jẹ ni?" Mi ò bá a jà. Àwọn kan sì wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Wọ́n á wọ̀ ọ́ ní ẹ̀yìn ìlú, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó débi tí a dúró sí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò sì fẹ́ẹ́ tán, àwọn ará Àkúrẹ́ dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní alága iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò wá sí Ẹ̀fọ̀n, yóò wọ Gbọọrọ sọ̀ kalẹ̀ òkè níṣojú gbogbo aráyé. Wọ́n fẹ́ kí èrò pọ̀, wọ́n wá mú ọjọ́ ọjà. Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣì í. Ẹni tó bá mọ̀ wá ì bá mọ̀ pé ọjọ́ ọjà, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í jáde lọ́wọ́ òfìfo. Gbogbo ẹni tó wá wòran, ẹrù ló gbé wá.

Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga. Gbọọrọ funfun náà dúró, ó ń dán. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, oníròyìn wà níbẹ̀. Alága dìde nínú agbádá olówó iyebíye, ó sọ̀rọ̀ títí. Ó ní àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ló ń tan àwọn ará oko jẹ. Ó nawọ́ sí bọ́ọ̀sì.

"Lónìí yìí, èmi fúnra mi ni n ó jókòó síwájú, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ òkè yìí wọ́ọ́rọ́wọ́!"

Àwọn tí wọ́n kó wá láti Àkúrẹ́ pàtẹ́wọ́. Bí àtẹ́wọ́ ṣe ń rọlẹ̀, obìnrin ará Erijiyàn kan tí iṣu wà níwájú rẹ̀ lọgun.

"Ẹ dúró ná o! Ṣé òfìfo ló fẹ́ lọ ni?"

Alága rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kí lẹ fẹ́ kó gbé?"

"Uṣu ni! Ọjọ́ tó pa wá, kò ṣófìfo. Ẹ bá mi gbé uṣu mi sókè!"

Gbogbo ọjà gbá yìì. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò gbèrò rẹ̀, Òjó kò gbèrò rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù lọ sídìí bọ́ọ̀sì: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àpò kòkó, kẹ́ẹ̀gì epo. Bàbá Láísì ká sòkòtò, ó gun òkè ọkọ̀, ó ń gba ẹrù, ó ń so wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá wo ojú ọ̀gá wọn, ọ̀gá wọn wo ojú alága. Alága ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ń nu ojú. Níṣojú oníròyìn, kò lè ní kí wọ́n má kó ẹrù sínú ọkọ̀ èrò. Wọ́n kó ẹrù títí Gbọọrọ fi tẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí Àfúsá. Mi ò mọ̀ pé ó wá. Ó la èrò kọjá, ó wọ inú bọ́ọ̀sì, ó jókòó sí àga iwájú, ó yọjú lójú fèrèsé. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ wá jókòó tì mí. Tó bá dáa, a jọ máa délẹ̀ ní àlàáfíà, màá sì dọ̀bálẹ̀ fún yín bí ọkùnrin. Tí kò bá dáa, ọmọ mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé láìní bàbá, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé láìní ìyá. Ẹ máa bọ̀. Àyè yín rèé."

Ó fọwọ́ gbá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pá, pá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ọkùnrin yìí bá ṣe akin, tó wọlé, àfàìmọ̀ kí n má tún sin ìyàwó àbúrò mi. Mo ń ti àwọn èrò kí n lè lọ fà á sọ̀ kalẹ̀, wọn kò yà fún mi.

Alága wo mánéjà. Mánéjà wo dírẹ́bà tí wọ́n mú wá láti Àkúrẹ́. Dírẹ́bà yẹn wo ẹrù orí ọkọ̀, ó wo òkè, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ó rù jù. Mi ò lè wà á lọ síbẹ̀ yẹn."

"Ṣé bíréèkì tuntun kọ́ ni?" Òjó ló bi í, láti ẹ̀yìn mi.

Alága wo aago rẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìpàdé pàtàkì kan ní Àkúrẹ́. Ó kó agbádá sí èjìká, ó bọ́ sínú mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá yín, kí n má tún un sọ. Ohun tí wọn kò sọ fún yín ni pé àwọn ọlọ́pàá wá bẹ̀rẹ̀ sí í na èèyàn nígbà tí oníròyìn ti tẹ̀lé alága lọ. Wọ́n fọ́ mi létí, etí òsì mi kò gbọ́ dáadáa mọ́ títí di òní. Wọ́n kó èmi àti Bàbá Láísì lọ sí àgọ́ wọn ní Aràmọkọ. Àwọn tíṣà ti iléèwé pa, wọ́n wá jókòó síwájú àgọ́ títí wọ́n fi tú wa sílẹ̀.

Gbọọrọ kò sọ̀ kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n mọ́ láti ọjọ́ náà. Èyí la jèrè, kì í sì í ṣe kékeré. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kékeré ni. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín má wà láyé lónìí bí àwọn ìyá yín bá ti tẹ́wọ́ gba ọ̀fẹ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ìjọba fìyà jẹ mí. Wọ́n gbé mi kúrò ní Ìjerò lọ sí iléèwé kan ní ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀ náà, ní ìlú olókè bíi tiwa. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, mo rí Gbọọrọ kan tó ń bọ̀ lójú títì. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé. Mo sáré tọ àwọn èèyàn lọ, mo sọ ohun gbogbo fún wọn. Bàbá àgbà kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ti sọ fún wa nípa ẹ̀yin ará ọ̀hún. Wọ́n ní ìjà ni iṣẹ́ yín." Wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn Gbọọrọ náà já bọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti kúrò. Rédíò ní dírẹ́bà sùn lọ ni.

Wọn kò fi ìgbà kankan sọ lórí rédíò pé Ràímì kò mutí. Iléeṣẹ́ kú, kò sọ ọ́. Alága kú, wọ́n ṣe òkú rẹ̀ tìlù tìfọn, kò sọ ọ́. Mo ti rò pé kò ṣe nǹkan kan, pé àwa tí a wà ní Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ náà mọ òótọ́, ìyẹn sì tó.

Síkírá dàgbà, ó di tíṣà bíi tèmi. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti wà nígbà náà. Ó mú ọkùnrin kan wá sílé tó wù ú láti fẹ́, ọmọ Ìjurìn, ọmọ dáadáa. Mo béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní Bàbá Láísì. Mo fò sókè! Mo ní Ọlọ́run mà tóbi o. Mo ti ń ronú aṣọ tí n ó wọ̀.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ẹbí ọkọ máa ń ṣe ìwádìí ìdílé kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tiwọn tán, Bàbá Láísì wá sílé mi fúnra rẹ̀. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó kí mi dáadáa, ó jókòó, kò fẹ́ wo ojú mi.

"Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ yín dáa. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí wa kò fẹ́ fẹ́ ọmọ nínú ìdílé ọ̀mùtí. Ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá rẹ̀ pa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo kọ́kọ́ rò pé etí òsì mi ló ń ṣe mí. "Bàbá, ẹ̀yin! Ẹ̀yin lẹ gun òkè Gbọọrọ! Ẹ̀yin lẹ so ẹrù! Inú yàrá kan náà ni wọ́n tì wá mọ́ ní Aràmọkọ!"

"Ti bọ́ọ̀sì nìyẹn. Bọ́ọ̀sì kò dáa, mo sọ ọ́ nígbà náà, mo sì tún ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọtí yẹn, rédíò ló sọ ọ́, Tíṣà. Ẹnikẹ́ni kò sì wá sórí rédíò kó sọ pé irọ́ ni."

Ọkùnrin tó kọ ọkọ̀ wọn, tí wọ́n nà nítorí ọkọ̀ wọn, ó gba irọ́ wọn gbọ́, ó sì gbé e pamọ́ sínú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo lé e jáde. Mo lé àgbàlagbà jáde nílé mi, kò sì dùn mí títí di òní. Mo wá mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ìtàn iṣu pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹnìkan bá bi yín pé kí ló dé tí Gbọọrọ fi kọ́kọ́ já, kí lẹ máa sọ? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀kan nínú yín. Ó ní, "Wọ́n ní dírẹ́bà kan ló mutí." Kí a sọ pé Ràímì kò mutí, gbèsè tí mo ní kí a san nìyẹn. Ìjọba jẹ ẹ́, iléeṣẹ́ jẹ ẹ́, ẹ̀yin náà jẹ ẹ́.

Nígbà tí Bàbá Láísì lọ tán, mo wọ inú yàrá. Síkírá jókòó sí etí ibùsùn, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó wò mí, ó wò mí, ó ní:

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé bàbá mi mutí lọ́jọ́ náà ni?"